Ìyọ̀ǹda ímeèlì: ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà béèrè rẹ̀, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu

Gbígba àdírẹ́sì ímeèlì lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ rajà á kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ á kọ ọ́, ẹni tó wá sípàdé á kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ máa ń dà rú nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí ohun tó tìtorí rẹ̀ fún yín. Ṣé ó gbà bẹ́ẹ̀? Ta ló gbọ́? Bó bá di ọdún méjì sí i tó ní òun ò mọ̀ yín rí, kí lẹ máa kó jáde?

Ọ̀nà márùn-ún ló wọ́pọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń béèrè ìyọ̀ǹda yìí, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti máa fi lẹ́tà ìpolówó tàbí ìròyìn ránṣẹ́ síni. Mi ò ka ríra àdírẹ́sì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á mọ́ wọn, torí ẹni tó tà á fún yín kò lè fún yín ní ìyọ̀ǹda tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Ẹ̀rí ni mo fi ṣíwájú. Òfin GDPR ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, sọ ọ́ ní abala 7 pé ẹni tó ń lo ìsọfúnni ẹlòmíì ló máa fi hàn pé onítọ̀hún yọ̀ǹda. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi lẹ́tà dà láàmú ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri. Torí náà, ọ̀nà tí kò bá fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀, bó ti wù kó rọrùn tó, kò níyì púpọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ohun kejì ni òfin ibi tí ẹni tó ń gba lẹ́tà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin ìlú àwọn nìkan ló kan àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. GDPR kan ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà fún àwọn tó wà nílẹ̀ Yúróòpù tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn, ibi yòówù kó ti máa ṣe é. Òfin Kánádà tí wọ́n ń pè ní CASL, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2014, kan lẹ́tà ìpolówó tí wọ́n bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà tó wà ní Kánádà. Àdírẹ́sì ímeèlì kì í sì í sọ ìlú tí ẹni tó ni ín ń gbé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iye èèyàn tó ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, owó àti wàhálà tó wà níbẹ̀, àti bó ṣe rọrùn tó fún èèyàn láti kúrò. Abala 7 kan náà ló sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí: kíkúrò gbọ́dọ̀ rọrùn bíi wíwọlé. Bó bá jẹ́ pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ló gbé èèyàn wọlé, ẹ ò lè ní kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì kó tó jáde.

Kì í sì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló nílò ìyọ̀ǹda o. Rísíìtì, ìròyìn pé ẹrù ti gbéra, líǹkì láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ìkìlọ̀ pé ẹnì kan wọ inú àkáǹtì: ara iṣẹ́ tí onítọ̀hún gbé fún yín ni wọ́n, ẹ lè fi wọ́n ránṣẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ki ìpolówó bọ ìdí rísíìtì, ó ti ń di lẹ́tà ìpolówó nìyẹn, ní Yúróòpù pàápàá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó rò pé ọwọ́ àwọn mọ́ ti ń jìn sí kòtò.

Àpótí tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀

Ẹ ti rí i rí: ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, lẹ́tà wínníwínní, àpótí kékeré tí máàkì ti wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹni tí kò bá yọ máàkì náà, wọ́n á ní ó ti gbà. Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù pa ẹnu ọ̀rọ̀ yìí dé lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Planet49, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe tẹ́tẹ́ oríire lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Jámánì. Kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí ìkànnì ń fi sínú ẹ̀rọ ẹni tó wá síbẹ̀, ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe ímeèlì, ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ sọ kan ìyọ̀ǹda lápapọ̀: àpótí tí ẹlòmíì ti máàkì kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Kánádà náà kò gba irú rẹ̀.

Àdírẹ́sì tó ń kó wọlé pọ̀ lóòótọ́, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ̀rí kankan ni kò sí nínú rẹ̀. Mi ò rí ẹni tí mo lè ní kó lò ó.

“A óò máa fi ránṣẹ́ títí ẹ ó fi ní ó tó”

Òfin CAN-SPAM ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2003 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, kò ní kẹ́ ẹ gba ìyọ̀ǹda kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ohun tó béèrè ni pé kí orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti àkọlé rẹ̀ má ṣe tan èèyàn, kí àdírẹ́sì ibi tí lẹ́tà ìwé ti lè bá yín wà nínú rẹ̀, kí ọ̀nà àbájáde sì wà níbẹ̀ tí yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30, ó kéré tán, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi í ránṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ ní láti yọ ọ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ní kó kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì. Ìtanràn lè ju $50,000 lọ lórí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Lórí ìwé, òun ló rọrùn jù nínú márààrún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ló ń ṣèdájọ́ ímeèlì mọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń fi lẹ́tà rẹpẹtẹ ránṣẹ́. Ní ti Gmail, ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn tó ń lo Gmail bá tó 5,000 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn ètò mẹ́ta tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́. Lẹ́tà ìpolówó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì Unsubscribe, ìyẹn ọ̀nà àbájáde, tí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré á ti tó. Iye àwọn tó ń pe lẹ́tà yín ní spam, ìyẹn lẹ́tà tí wọn ò béèrè, kò sì gbọ́dọ̀ dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: nínú ẹgbẹ̀rún lẹ́tà, èèyàn mẹ́ta ti tó láti ba nǹkan jẹ́. Àwọn tí kò retí lẹ́tà yín kì í sì í wá Unsubscribe kiri, bọ́tìnì spam ni wọ́n ń tẹ̀, torí òun ló sún mọ́ ọwọ́. Bí Gmail bá ti fojú burúkú wo orúkọ ilé iṣẹ́ yín, kì í ṣe ìpolówó nìkan ni yóò máa bọ́ sínú àpótí spam. Rísíìtì yín á tẹ̀ lé e. Líǹkì ọ̀rọ̀ aṣínà á tẹ̀ lé e. Oníbàárà tó ti sanwó á máa pè yín pé òun ò rí nǹkan kan gbà. Iye tí ọ̀nà yìí ń ná yín nígbẹ̀yìn, owó gidi ni.

Ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín

Àwọn oníṣòwò kì í lo ọ̀nà yìí bó ṣe yẹ. Àwọn kan ò mọ̀ pé ó wà, àwọn kan sì ń lò ó kọjá ààlà. Ìlànà Yúróòpù 2002/58, ní abala 13, gbà pé bí èèyàn bá fún yín ní àdírẹ́sì nígbà tó ń rajà, ẹ lè kọ̀wé sí i nípa ọjà tiyín tó jọ èyí tó rà, láìjẹ́ pé ó tún máàkì ohunkóhun. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti fún un láyè láti kọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba àdírẹ́sì náà, kẹ́ ẹ sì tún fún un láyè bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Òfin PECR ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 2003, gba ọ̀nà kan náà.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: tiyín, tó jọ, rà. Ẹni tó ra bàtà lọ́wọ́ yín, ẹ lè sọ fún un nípa ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ò lè tìtorí bàtà máa polówó ilé iṣẹ́ ìrìn-àjò àbúrò yín fún un. Ẹgbẹ́ tí kì í tajà, tó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ló ń kọ orúkọ sílẹ̀, kò lè fẹ̀yìn ti abala 13 ti Yúróòpù yìí bí oníṣòwò ṣe ń ṣe.

Kánádà ní tirẹ̀ fi àkókò sí i. Ẹni tó bá ra nǹkan, ọdún 2 ni ìyọ̀ǹda àfòyemọ̀ yẹn ní. Ẹni tó kàn béèrè ìbéèrè nípa ọjà, oṣù 6 ni. Bí àkókò náà bá pé tí onítọ̀hún kò tíì sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fúnra rẹ̀, ó ti tán. Ìnáwó ọ̀nà yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí ọjọ́ tí kálukú rajà wà lákọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa yọ àwọn tí àkókò wọn ti kọjá. Bí ìwé títa ọjà yín bá wà lọ́tọ̀, tí àdírẹ́sì wà lọ́tọ̀, ẹ má dá a láṣà.

Máàkì ẹ̀ẹ̀kan

Fọ́ọ̀mù kan rèé. Àpótí méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, méjèèjì ṣófo. Èkíní kà pé: “Mo ti ka àdéhùn rírajà, mo sì gbà.” Èkejì kà pé: “Ẹ máa fi ìròyìn ọjà tuntun ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo lè dá a dúró nígbàkigbà.” Ẹni tó fi èkejì sílẹ̀ láìmáàkì ṣì lè rajà rẹ̀ kó máa lọ. Fọ́ọ̀mù tó mọ́ nìyẹn. Ẹ máa rí àwọn tó kó àpótí méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, kí ẹni tó bá fẹ́ rajà má lè sá fún ìpolówó. Ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi ọjà dè mọ́lẹ̀ báyìí, GDPR kò kà á sí ohun tí èèyàn finú fíndọ̀ ṣe.

Àǹfààní máàkì ẹ̀ẹ̀kan ni pé èèyàn kì í já sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ó bófin mu ní Yúróòpù, kò sí abala kankan tó ní dandan ni kẹ́ ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì náni ní ohun kan ju kí fọ́ọ̀mù máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lọ́jọ́ náà pa mọ́.

Ohun tí kò lè sọ fún yín ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ṣì kọ gmail sí “gmial”, lẹ́tà á máa lọ sófo tàbí sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀dí. Ẹlòmíì fi àdírẹ́sì ọ̀gá rẹ̀ ṣeré. Èyí tó burú jù ni ti àwọn bọ́ọ̀tì. Ọlọ́ṣà tó ti jí káàdì ìsanwó ẹnì kan máa ń fi ẹ̀rọ kọ àdírẹ́sì onítọ̀hún sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà, kí lẹ́tà lè ya bo àpótí rẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò ní rí ìkìlọ̀ ilé ìfowópamọ́ láàárín wọn. Fọ́ọ̀mù tiyín lè wà nínú àwọn tí wọ́n lò. Àkọsílẹ̀ yín á sì sọ pé ó yọ̀ǹda, ọjọ́ báyìí, wákàtí báyìí. Irọ́ tó létò ni.

Ìyọ̀ǹda ẹlẹ́ẹ̀mejì

Ẹni náà kọ àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ̀rọ yín fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ síbẹ̀: “Ṣé ẹ̀yin lẹ béèrè èyí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ ibí.” Kò tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó ni àpótí ímeèlì náà ló sọ̀rọ̀. Bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn tó sì dúró kí onílé dáhùn ni. Ní Jámánì, níbi tí ilé ẹjọ́ ti máa ń béèrè ẹ̀rí kíkún lọ́wọ́ ẹni tó fi ìpolówó ránṣẹ́, òun ló ti di àṣà láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Àwọn kan á kọ orúkọ wọn, wọn ò sì ní padà wá tẹ líǹkì. Àwọn kan kò rí lẹ́tà náà rárá, ó ti bọ́ sínú spam. Èyí máa ń dun àwọn tó ń ka iye orúkọ tí wọ́n ní. Lójú tèmi, ẹni tí kò wá lẹ́tà àkọ́kọ́ tó béèrè, ó ṣòro kó wá èyí tó tẹ̀ lé e.

Bẹ́ ẹ bá máa lò ó, àwọn nǹkan kan wà tí kì í tètè hàn síni. Ẹ má fi ìpolówó kankan sínú lẹ́tà ìbéèrè yẹn, kó má tún lọ di lẹ́tà tí kò níyọ̀ǹda. Ẹ jẹ́ kí líǹkì gbé èèyàn lọ síbi tí bọ́tìnì “Mo gbà” wà, kó tẹ ìyẹn, dípò kí ṣíṣí líǹkì nìkan ti parí iṣẹ́. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ ààbò tó ń ṣí gbogbo líǹkì inú lẹ́tà wò kí òṣìṣẹ́ tó rí i. Ẹ̀rọ yẹn á “gbà” fún ẹni tí kò gbà. Torí irú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ṣe ìlànà RFC 8058 lọ́dún 2017 fún Unsubscribe títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ̀rọ tó kàn ń yẹ líǹkì wò má bàa yọ èèyàn kúrò láìmọ̀. Àdírẹ́sì tí kò sì tíì dáhùn, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ ńkọ́?

Ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé: ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí gbogbo wọn, ká béèrè bóyá wọ́n ṣì ń fẹ́. Àwọn méjì ti ṣe bẹ́ẹ̀, ojú wọn rí màbo. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, àjọ ICO tó ń bójú tó ọ̀ràn ìsọfúnni ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu ìtanràn £70,000 lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Flybe, nítorí ó fi lẹ́tà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ránṣẹ́ sí àwọn tó ti sọ pé àwọn ò fẹ́ ìpolówó, ó ní kí wọ́n yẹ ìsọfúnni wọn wò bóyá ó ṣì tọ̀nà. Honda san £13,000 torí lẹ́tà 289,790 tó fi béèrè bóyá àwọn èèyàn fẹ́ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ òun. Honda rò pé lẹ́tà iṣẹ́ lásán ni. ICO ní lẹ́tà ìpolówó ni, Honda ò sì lè fi hàn pé àwọn èèyàn náà ti yọ̀ǹda.

Torí náà, ẹ pín wọn. Àwọn tí àkọsílẹ̀ ìyọ̀ǹda wọn wà, kí wọ́n máa bá a lọ. Àwọn tó rajà tí wọ́n sì bá ohun tí ọ̀nà ẹni tó ti rajà béèrè mu, kí wọ́n bọ́ sábẹ́ ìyẹn. Àwọn yòókù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó ti ní àwọn ò fẹ́ ní tiwọn, ẹ má pa orúkọ wọn rẹ́ tán pátápátá: ẹ kọ àdírẹ́sì wọn nìkan sínú ìwé “ẹ má kọ̀wé sí i”, kí ẹlòmíì má bàa tún kó wọn wọlé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà lákọsílẹ̀, àti èyí tí kò yẹ

Àdírẹ́sì, ọjọ́ àti wákàtí, fọ́ọ̀mù tó ti wá, ọ̀rọ̀ tí ẹni náà rí gan-an lọ́jọ́ yẹn, àti ọjọ́ tó kúrò bó bá kúrò. Ó tó. Ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, ibi iṣẹ́: bí lẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ kò bá nílò wọn, ẹ má béèrè wọn. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín, ọlọ́ṣà kò lè jí i, kò sì ní sí nínú ohun tẹ́ ẹ máa kéde fún aláṣẹ láàárín wákàtí 72 tí GDPR fún yín bí àṣírí bá tú. Bí èèyàn bá ní kẹ́ ẹ fi ohun tẹ́ ẹ kọ nípa òun han òun, oṣù kan lẹ ní láti dá a lóhùn. Ìtanràn tó ga jù nínú òfin náà jẹ́ mílíọ̀nù 20 yúrò tàbí 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé kárí ayé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ bá a ṣe àdéhùn ìwé lórí ìsọfúnni náà. Abala 28 béèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré tí kò lo ilé iṣẹ́ kankan, ẹ ṣọ́ CC, àyè inú ímeèlì tí gbogbo ẹni tó gba lẹ́tà ti ń rí àdírẹ́sì ara wọn. Akọ̀wé tó kó àdírẹ́sì 200 síbẹ̀ dípò BCC, tó ń fi àdírẹ́sì wọn pa mọ́, ti fi èèyàn 200 han ara wọn ní títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àkọsílẹ̀ títà tó péye: ẹ lo ọ̀nà oníbàárà fún àwọn tó rajà, kẹ́ ẹ lo ẹlẹ́ẹ̀mejì fún àwọn tó kàn wá wò. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ sójú kan.

Ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn, ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́: ẹlẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ò ní ẹni tó máa gbèjà yín bí ẹ̀sùn bá dé, ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ṣe é. Bí ọmọdé bá wà láàárín àwọn tẹ́ ẹ ń gba àdírẹ́sì wọn, GDPR fi 16 ṣe ọjọ́ orí tí ọmọ lè dá yọ̀ǹda fúnra rẹ̀, ó sì gbà kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ kalẹ̀ dé 13. Ọmọ tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, òbí ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú àkáǹtì tí èèyàn ti fi ímeèlì jẹ́rìí ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀: máàkì ẹ̀ẹ̀kan tó, torí ẹ ti mọ̀ pé òun ló ni àdírẹ́sì náà. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀, kó má dúró sórí ẹ̀ẹ̀kan.

Ilé iṣẹ́ tó ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ bíi tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan, tó sì mọ ibi tí kálukú wọn wà, lè lo ọ̀nà “títí ẹ ó fi ní ó tó”, níwọ̀n bí lẹ́tà rẹ̀ bá kéré, tó sì ń wo iye spam rẹ̀ lójoojúmọ́. Kó fi rísíìtì sórí orúkọ ìkànnì tó yàtọ̀ sí ti ìpolówó.

Ẹni tí kò tíì lè pinnu, kó tan ẹlẹ́ẹ̀mejì fún gbogbo orúkọ tuntun láti òní lọ. Èyí tó kù ni wíwá inú àwọn ti àtijọ́ fún ẹni tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, iṣẹ́ ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.